Èrè tí mo rò pé mo jẹ lọ́jọ́ tí mo lé aboyún kúrò níṣẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìròyìn. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ní ní Apẹtẹ, n'Ìbàdàn níbí. Ọdún 2009 ni mo dá a sílẹ̀, pẹ̀lú ààrò kan àti èèyàn mẹ́ta. Lónìí, òṣìṣẹ́ 21 ló wà níbẹ̀, 13 nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ kan tó wáyé ní ìpàdé àwa oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ní Sátidé tó kọjá ló mú mi gbé bírò.

A ti sọ ti owó fúláwà tán, a ti sọ ti dísẹ́ẹ̀lì, nígbà tí ọ̀kan nínú wa, ọkùnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún, dìde pé kí gbogbo wa fẹnu kò: a ò ní gba obìnrin tí kò tíì bímọ tán síṣẹ́ mọ́. Ó ní àwọn tó ń gba ìsinmi ìbímọ ń jẹ owó tí wọn ò ṣiṣẹ́ fún, pé wọ́n á jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta gbáko, agbanisíṣẹ́ á sì máa ka owó fún wọn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Obìnrin wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Ohun tí ọkùnrin yẹn ní ká ṣe, mo ti ṣe é rí, ojú sì tì mí láti jẹ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Mo wá fẹ́ sọ ọ́ níbí, pẹ̀lú iye owó tó bá a rìn, kí ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ fi ṣe ìṣirò tirẹ̀.

Ọdún 2016 ni. Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń mójú tó ìwé ọjà. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìyá Ìbejì, torí ìbejì ló padà bí. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí lè má mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé ọjà. Láti aago márùn-ún ìdájí ni àwọn tó ń ta búrẹ́dì ti máa ń tò síwájú géètì wa. Àwọn kan ń gbé e lórí, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan sì ń fi ọ̀kadà gbé e lọ sí àwọn abúlé lọ́nà Akùfọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sanwó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gbé e lónìí, wọ́n á san án lọ́la, tàbí kí ó di ìparí ọ̀sẹ̀. Ìyá Ìbejì ló mọ ẹni tí èèyàn lè kó búrẹ́dì 40 fún láìgba kọ́bọ̀. Ó mọ ẹni tó jẹ́ pé mẹ́wàá péré ló yẹ kó gbé. Ó mọ obìnrin tí àìsàn dá ọkọ rẹ̀ wólẹ̀ tí a ní láti ní sùúrù fún, tó sì máa san gbogbo rẹ̀ bópẹ́ bóyá. Kò kọ ìkankan nínú èyí sínú ìwé. Orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà yẹn jẹ́ ₦18,000. Èmi ń san ₦25,000 fún un, mo sì rò pé mo gbìyànjú.

Nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù méje, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tó jẹ́ pé sálúbàtà ọkọ rẹ̀ ló ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́, ó wá bá mi fún ìsinmi. Mo ní kó máa lọ sílé. Mo ní tó bá bímọ tán, kó wá wò bóyá àyè ṣì wà. Mi ò fún un ní kọ́bọ̀. Lọ́kàn mi, mo ti jèrè ₦75,000, owó oṣù mẹ́ta tí ǹ bá fi fún ẹni tó jókòó sílé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti pè é ní bùọ̀dá, á kó búrẹ́dì fún un. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gba ọmọbìnrin kan tó mọ ìṣirò dájú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú. Láàárín oṣù kan, mẹ́fà nínú àwọn tó ń tajà fún wa ti kọjá sódìkejì títì, lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì mìíràn. Búrẹ́dì 110 ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa ń gbé lójúmọ́. Oṣù karùn-ún ni mo tó rí ẹnì kẹta tó lè dúró. Nígbà tí mo jókòó ti ìwé gbèsè ní January 2017, ₦186,400 ló wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí mi ò mọ ilé wọn, tí wọn ò sì yà ní géètì wa mọ́. Bí mo bá ní kí n wá ka èrè búrẹ́dì 110 lójoojúmọ́ mọ́ ọn, inú mi á bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù kò sí nínú ìwé mi rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ wa máa ń dá àjọ. Lọ́dún yẹn, èèyàn mẹ́wàá ló ń dá a, ₦5,000 lóṣù, ₦50,000 sì ni ẹni tó bá kàn ń kó. Ìyá Ìbejì ti kó tirẹ̀ ní oṣù kẹta, ó fi san owó ilé. Oṣù kẹfà ni mo lé e. Oṣù mẹ́rin ló kù tó yẹ kó dá, kò sì rí i dá. Obìnrin tó kàn ní oṣù keje ti ṣètò láti fi ra gààrí lóko, kó máa tà á ní ìrọ̀lẹ́ tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. ₦45,000 ló bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ààrò mi, àwọn tó ti ń jẹun pọ̀ láti ọdún mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn. Wọ́n ń pe ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní olè, èmi tí mo fa gbogbo rẹ̀ sì wà nínú ọ́fíìsì, mò ń gbọ́.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé owó oṣù obìnrin yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń jẹ níbẹ̀: ìyá tó ń bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀ àgbà tó bá ti wá síbi iṣẹ́, oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà tó ń gbé e ní àràárọ̀, tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì, ìyá rẹ̀ n'Ísẹ́yìn tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí lóṣooṣù, àti àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n jọ ń dájọ. Nígbà tí mo gé owó yẹn, gbogbo wọn ni mo gé.

Ẹ lè máa bi mí pé ṣé mi ò bímọ rí ni. Mo bímọ. Lọ́dún 1990, taípíìsì ni mí ní iléeṣẹ́ kan. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, wọ́n gé owó oṣù mi débi pé ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń ká ìlédìí ọmọ sínú kọ́mú kí omi ọyàn má baà rin aṣọ mi níwájú ọ̀gá. Wàrà agolo ni ọmọ ń mu nílé, ó gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù mi, ó sì tún fún ọmọ ní ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n fi dá wa dúró ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn náà, mi ò síbi iṣẹ́. Mo mọ ìyà náà dunjú, síbẹ̀ nígbà tí èmi náà di ọ̀gá, mo fi jẹ ẹlòmíràn. Mo ti ronú lé e lórí fún ọdún púpọ̀, mi ò rí àlàyé tó lè dá mi láre.

Lọ́dún 2019, oyún tún dé. Obìnrin tó ń wọn èlò fún wa ni lọ́tẹ̀ yìí: ṣúgà, iyọ̀, bọ́tà, yíìsì, omi. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ mi. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, òun ló mọ iye omi tó yẹ ká fi kún un, òun ló mọ̀ pé oṣù tí ooru bá mú, yíìsì gbọ́dọ̀ dín kù kí búrẹ́dì má baà kan. Ó fi oyún náà pamọ́ fún mi títí tó fi pé oṣù márùn-ún. Aṣọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń wọ̀, ó sì ń bá wọn gbé àpò fúláwà oní-kílò 50 kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ó ti gbọ́ ìtàn Ìyá Ìbejì. Nígbà tó wá sọ fún mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Òun ló ṣí òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ó ka abala 54 sí mi létí. Obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ tí dókítà bá ti fún un níwèé, kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ìbímọ. Tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó tí a máa san fún un nígbà yẹn kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdajì owó oṣù rẹ̀. Tó bá padà dé tó ń fún ọmọ lọ́yàn, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Agbanisíṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ fún un níwèé ìdádúró nígbà tó bá wà ní ìsinmi náà. Mo jókòó síbẹ̀, ara mi ń tutù. Mo ti rú òfin láìmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọ̀ mi kò ṣe ìbejì yẹn láǹfààní kankan.

A ṣètò. Oṣù méjì ṣáájú kó tó lọ, a fi ọmọkùnrin kan tì í kó máa kọ́ ọ. Mo ra ìwé fún un, ó kọ gbogbo òṣùwọ̀n sínú rẹ̀: ti ọyẹ́, ti òjò, ti ooru. Bí mo ṣe ń wò ó tó ń kọ ọ́, mo rí i pé ọdún mẹ́wàá ni mo ti fi ṣe búrẹ́dì láìní àkọsílẹ̀ kankan nípa rẹ̀. Oyún yẹn ló jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mi ní ìwé. ₦40,000 ni owó oṣù rẹ̀. Mo san án pé fún oṣù mẹ́ta, ₦120,000. Mo fi ₦10,000 kún ti ọmọkùnrin náà lóṣù, ₦30,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦150,000. Búrẹ́dì tí a pò lẹ́ẹ̀mejì ló bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní fi pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí. Kò sí oníbàárà tó lọ. Àjọ kò dàrú. Owó orí rẹ̀ kò yéé lọ sápò ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ náà kò dúró, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ mi, bí òfin ọdún 2014 ṣe là á sílẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ìyá rẹ̀ máa ń gbé ọmọ wá ní aago mẹ́wàá àti aago méjì. A tẹ́ ẹní sí yàrá tí à ń kó páálí sí. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi títí di òní. Òun ni olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Èèyàn mẹ́rin ló ti kọ́ níṣẹ́. Nígbà tí owó fúláwà fò sókè ní 2023 àti 2024, tí àwọn oníbúrẹ́dì ń ti ilẹ̀kùn, òun ló ní ká máa ṣe búrẹ́dì kékeré tí ọmọ iléèwé lè rà, òun ló jókòó ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Búrẹ́dì kékeré yẹn ló gbà wá lọ́dún náà. Ká ní mo ti lé e ní 2019 nítorí ₦120,000, ǹjẹ́ mo lè mọ ohun tí mo pàdánù?

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé abiyamọ tó wà ní ìsinmi kò jẹ owó ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó ti ṣe sílẹ̀ ṣì ń mówó wọlé, èyí tó máa padà wá ṣe sì ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọ tó ń tọ́jú nílé náà, ẹni tó máa jẹ búrẹ́dì lọ́la ni, àti ẹni tó máa san owó orí. Àwa Yorùbá mọ èyí tẹ́lẹ̀, a kàn gbàgbé nígbà tí a di ọlọ́fíìsì ni. Ìyá ọkọ á dì ẹrù wá láti ìlú, á wẹ ọmọ, á fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ẹnikẹ́ni kì í bi ìyá ọmọ pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

Mi ò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yẹn jẹ́ èèyàn burúkú. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló ní. Méjì nínú wọn lóyún lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún tó kọjá. Òfin gbé gbogbo ẹrù náà lé òun nìkan lórí, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Pọbẹ̀, lórílẹ̀-èdè Benin, ó ń ṣiṣẹ́ ní iléèwé aládàáni. Nígbà tó bímọ, ọ̀sẹ̀ 14 ló fi sinmi, owó oṣù rẹ̀ sì pé. Ìdajì ti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́ wá, ìdajì kejì ti ọ̀dọ̀ CNSS, àpò kan tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Togo. Àdéhùn ọdún 2000 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, náà sọ ọ́ pé kò yẹ kí agbanisíṣẹ́ kan dá ru owó ìsinmi ìbímọ, kí ó wá láti inú àpò gbogbogbòò. Àjọ dídá ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ mi ń ṣe lẹ́yìn ààrò ni wọ́n sọ di òfin lọ́hùn-ún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kò lè ṣeé ṣe ní Nàìjíríà. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2010 ti dé, àwa agbanisíṣẹ́ ti ń dá ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí à ń san sápò NSITF, nítorí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá gé ìka òṣìṣẹ́ mi, owó wà níbì kan fún un. Bó bá bímọ, èmi nìkan ló ní. Kí àwọn aṣòfin wa l'Ábùjá fi àpò ìbímọ sí ẹ̀gbẹ́ ti ìfarapa. Bí wọ́n bá ní kí n dá owó kékeré kún un lóṣooṣù, mo máa dá a tayọ̀tayọ̀, ọkùnrin olóṣìṣẹ́ mẹ́fà yẹn náà á lè gba obìnrin síṣẹ́ láìbẹ̀rù.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti rí ìtura díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù tó pé ni ọmọ mi gbà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Láti 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, iye oṣù kan náà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ọmọ fi mu ọyàn nìkan. Ẹni tó ń wọn yíìsì ní Apẹtẹ náà bímọ bíi tiwọn.

Àwọn kan ṣì wà lọ́kàn mi tí òfin kankan kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin kan tó ń gbé búrẹ́dì wa lórí bímọ ní oṣù August. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ pé lọ́jọ́ Wẹ́sìdé. Ní Tọ́sìdé ó ti wà ní géètì ní aago márùn-ún, ọmọ lẹ́yìn, àwo lórí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi lórí ìwé, ṣùgbọ́n búrẹ́dì mi ló ń tà, láìsí irú rẹ̀ ààrò mi á tutù. Bí wọ́n bá dá àpò náà sílẹ̀, kí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ fún àwọn bẹ́ẹ̀ láti máa dá díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá a fún alájọ lójoojúmọ́.

Mo wá Ìyá Ìbejì lọ lọ́dún 2020. Ẹlẹ́yẹlé ni mo ti rí i, ó ń kọ ìwé fún ẹnì kan tó ń ta ohun èlò ilé. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ ní ọdún méjìlá. Mo fún un ní ₦75,000, mo sì ti san ₦20,000 àjọ fún àwọn tó pàdánù rẹ̀. Ó ka owó náà, ó dúpẹ́, ó pe àwọn ìbejì wá kí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá. Ó ní rárá, mà. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Ẹlòmíràn lóyún lọ́dọ̀ mi báyìí. Oṣù kẹta ló wà nígbà tó wá sọ fún mi, kò sì gbọ̀n. Ìpàdé wa tó ń bọ̀ jẹ́ Sátidé kejì oṣù tí a fẹ́ mú yìí. Mo ti ní kí akọ̀wé fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwé ọdún 2016 àti ti 2019 ni mo máa mú dání, mo sì máa ka ohun tó wà nínú wọn sókè níwájú gbogbo wọn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníbúrẹ́dì,
Apẹtẹ, Ìbàdàn.